Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ irinṣẹ́ tiyín sínú Revit àti AutoCAD, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ayàwòrán Àjàṣẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwòrán ilé ni mò ń yà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ìhà Wàǹdó. Mo ti kọ bọ́tìnnì kan tó ń ka bíríkì sínú Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Devis, ìwé ìṣirò ohun èlò àti owó ilé, ló fà á. Onílé níbí kì í gba àwòrán lásán. Bíríkì mélòó, sìmẹ́ńtì àpò mélòó, irin mélòó, gbogbo rẹ̀ ló máa béèrè kó tó fi owó sílẹ̀. Ẹ á kà á tán, ẹ á kọ ọ́ sílẹ̀, ni yóò bá pè yín láti Kútọnu lálẹ́ pé kí ẹ bá òun fi yàrá kan kún un, ìyá òun ń bọ̀ wá bá àwọn gbé. Ẹ tún padà sídìí ògiri kìíní. Bẹ́ẹ̀ Revit mọ gbogbo ògiri yẹn. Ó mọ gígùn wọn, ó mọ gíga wọn, ó sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ti gé wọn. Bíríkì tiwa ni kò mọ̀.

Bíríkì 15 (èyí tó nípọn ní 15 cm) tí wọ́n ń tẹ̀ ládùúgbò wa gùn ní 40 cm, ó ga ní 20 cm, m² kan sì ń gba 12.5. Ìyẹn kò le. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ògiri wa kì í ṣe bíríkì láti ìsàlẹ̀ dókè. Kọnkéré linteau wà lórí fèrèsé, ó yí ilé po. Kọnkéré chaînage, èyí tó so orí ògiri pọ̀, tún wà lókè pátápátá. Ẹ mú ògiri tó gùn ní mítà 10, tó ga ní mítà 3, tí kò ní ihò kankan: 30 m² ni, bíríkì 375. Tí linteau àti chaînage bá ga ní 20 cm lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gba 4 m² nínú rẹ̀. Ó ku 26 m², bíríkì 325. Bíríkì 50 nìyẹn lórí ògiri kan ṣoṣo, mélòó sì ni ògiri tó wà nínú ilé! Owó ẹni tó ń tu jọ díẹ̀díẹ̀ láti kọ́lé ni, mi ò lè fojú kékeré wò ó.

Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ Revit ní Faransé tàbí Amẹ́ríkà, irú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n rò kí wọ́n tó kọ ọ́. Tiwa dọwọ́ wa.

pyRevit, àfikún tó ń jẹ́ kí a fi irinṣẹ́ tiwa sínú Revit, ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, Ehsan Iran-Nejad ló dá a sílẹ̀, Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, lẹ fi ń kọ ọ́. Ẹ ó dá fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .extension, ẹ ó fi .tab sínú rẹ̀, .panel sínú ìyẹn, .pushbutton sínú ìyẹn, kí ẹ tó wá fi fáìlì script.py síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ Reload, bọ́tìnnì yín ti yọ lókè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹ lè tún kóòdù ṣe, kí ẹ dán an wò, láì pa Revit. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí kọ̀ǹpútà sì ń pẹ́ kó tó ṣí fáìlì ńlá, ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn.

Kóòdù náà fúnra rẹ̀ kúrú. FilteredElementCollector ń kó ògiri jọ, HOST_AREA_COMPUTED ń sọ ojú ògiri tó kù lẹ́yìn tí ihò ti kúrò, CURVE_ELEM_LENGTH ń sọ gígùn. Mo fi 0.40 sọ gígùn di púpọ̀, mo yọ ọ́ kúrò lára ojú ògiri, mo fi 12.5 sọ èyí tó kù di púpọ̀, mo wá fi ìdá 5 nínú 100 lé e fún èyí tó máa fọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀n o. Bó ti wù kí ẹ to Revit, ẹsẹ̀ bàtà ló fi ń ṣírò nínú ara rẹ̀. Ògiri 30 m² tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 322.9 ni kóòdù máa rí. Ẹni tí kò bá yí i padà á ní kí onílé ra bíríkì tó lé ní 4000 fún ògiri kan. UnitUtils.ConvertFromInternalUnits ló wà fún ìyẹn. Revit ọwọ́ wa sì tún jẹ́ ti Faransé: kóòdù tẹ́ ẹ bá gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá "Area" (ìwọ̀n ojú ògiri) kò ní rí nǹkan kan, torí "Surface" ló wà lójú tiwa. Àwọn orúkọ inú, BuiltInParameter, ni mo ń lò, torí wọn kì í yí padà bí èdè bá yí padà. Ẹni tó wà ní Èkó á lo kóòdù kan náà, èmi náà á lò ó. Ẹ fi RevitLookup sórí ẹ̀rọ yín, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló máa fi àwọn orúkọ inú yẹn hàn yín.

Àbúrò yín ní Kétu:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Kétu ni mo wà, ọ́fíìsì wa kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà. Ilé ẹ̀kọ́ là ń yà jù: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ 3 lórí ìlà kan, pẹ̀lú ọ́fíìsì ọ̀gá àti yàrá ẹrù. Ẹ mọ irú rẹ̀, kò sí abúlé tí kò sí. Ilé náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Orúkọ abúlé, ilẹ̀ àti àwọn ìwé àwòrán ló ń yàtọ̀. Mi ò mọ Python nígbà yẹn, Dynamo tó wà nínú Revit tẹ́lẹ̀ ni mo lò. Àpótí àpótí ni, tẹ́ ẹ ó máa fi wáyà so pọ̀. Mo ṣe èyí tó ń ka orúkọ abúlé àti nọ́ńbà ìwé láti inú Excel, tó ń dá gbogbo ìwé àwòrán sílẹ̀, tó sì ń kọ orúkọ sára wọn. Ọ̀gá mi tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kóòdù sétí ti ń lò ó báyìí nínú Dynamo Player: wọ́n á yan fáìlì, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, ó parí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kó máa fún ilẹ̀kùn ní nọ́ńbà láti òsì sọ́tùn-ún, wáyà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí òwú tí ewúrẹ́ kó sí. Mi ò lè tọpa rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe kọ́ ìwọ̀nba Python nìyẹn, mo kọ ìlà díẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, mo fi X ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà ibi tó wà láti òsì sọ́tùn-ún) tò wọ́n, mo sì yọ gbogbo wáyà yẹn dànù.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni kí n kọ́ C#, èdè kóòdù kejì tí Revit ń gbà? Ẹni tó jẹ́ pé Revit LT, ẹ̀dà Revit tí wọ́n dín kù, ló ní ńkọ́?

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. AutoCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn, lèmi ń lò, AutoLISP, èdè kóòdù inú rẹ̀, ni mo fi ń kọ tèmi. Ó ti wà nínú AutoCAD láti 1986, AutoCAD LT náà sì ti ń gbà á láti ẹ̀dà 2024.

Ẹ mọ ìlú wa, àpáta ló yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ́jú. Kí n tó ya ilé, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ ga sí àti ibi tó rẹlẹ̀. Géomètre, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, á fún mi ní fáìlì txt, X, Y àti gíga lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ mi á kà á, á fi àmì sí ojú ibi tó yẹ lórí àwòrán, á kọ gíga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́mà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù níbẹ̀. Bí àwọn Faransé ṣe ń kọ nọ́ńbà làwa náà ń kọ ọ́: 187,64. AutoLISP kò mọ kọ́mà. Ẹ fún atof, àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ní 187,64, 187 ló máa mú. Kò ní ké, kò ní dá iṣẹ́ dúró, á kàn gé ìyókù sọnù. 64 cm lórí ilẹ̀ àpáta tó nǹkan bí ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn 4! Nítorí náà vl-string-subst ni mo fi ń sọ kọ́mà di àmì tó yẹ kí atof tó rí i.

Ẹni tí owó Autodesk, àwọn tó ni Revit àti AutoCAD, bá wúwo jù fún, kó wo FreeCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, Python náà ló ń gbọ́.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ní ti C#, òun á ké: double.Parse kò ní gba 12.5 tí Windows bá wà ní Faransé, àfi tẹ́ ẹ bá fi CultureInfo.InvariantCulture sí i. Mo fara mọ́ èyí tó ń ké ju èyí tó ń dákẹ́ lọ.

Àbúrò mi, C# kì í ṣe dandan fún iṣẹ́ ọ́fíìsì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ọ́fíìsì mìíràn ní irinṣẹ́ yín, ìgbà yẹn ló wúlò. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé Revit 2025 ti kúrò lórí .NET Framework 4.8 bọ́ sórí .NET 8 (ìpìlẹ̀ Microsoft tí irinṣẹ́ C# ń dúró lé), ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí 2024 àti 2025 á ṣe dll (fáìlì irinṣẹ́) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Revit LT kò gba irinṣẹ́ kankan, kò sì ní Dynamo, ṣùgbọ́n ó ní nomenclature, tábìlì tó ń to ohun inú àwòrán àti ìwọ̀n wọn. Ẹ fi ìlà ìṣirò kan sínú nomenclature ògiri: ẹ yọ Longueur (gígùn) lọ́nà 0,40 m kúrò nínú Surface, ẹ pín in sí 1 m², ẹ fi 12,5 sọ ọ́ di púpọ̀. Bíríkì yín ti wà níbẹ̀.

Èyí tí mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí ni bọ́tìnnì tó máa fún fèrèsé ilé àwọn Àgùdà ní ìgboro Àjàṣẹ́ ní nọ́ńbà. Ògiri wọn nípọn, igun wọn kì í sì dọ́gba, nítorí náà X nìkan kò tó. Ìlà ògiri fúnra rẹ̀ ni mo fi ń tò wọ́n, láti orí dé ìdí. Ẹni tó bá ní famille (àwòṣe inú Revit) fèrèsé onígi tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tó sì ń fẹ̀ bí fèrèsé bá ṣe ń fẹ̀, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́. Èmi náà á fi bọ́tìnnì bíríkì ránṣẹ́ sí i.