Ìdánwò òwò ṣíà mi ń gba wákàtí 9: ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun ni?

Ọmọ Bàríga
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi débi pé mo fẹ́ ná owó tí n kò ní, ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ètò kan tó ń dán ọgbọ́n òwò wò lórí iye owó àtẹ̀yìnwá ní NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà. Ọgbọ́n náà kò le. Bí ìpíndọ́gba iye owó ọjọ́ díẹ̀ bá gun orí ìpíndọ́gba ọjọ́ púpọ̀, mo rà. Bó bá já sábẹ́ rẹ̀, mo tà. Bí owó bá sì já wálẹ̀ jù kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo sá. N kò mọ iye ọjọ́ tó dára jù, ni mo bá ní kó dán gbogbo rẹ̀ wò: kúkúrú láti 5 dé 50, ó ń fi 5 lé 5, gígùn láti 20 dé 200, ó ń fi 10 lé 10, ibi tí màá ti sá jẹ́ oríṣi 8. 1,520 ni gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 150, ọdún 10.

Ìdánwò kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 21. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí 9. Ní Bàríga níbí, ta ló ń rí iná wákàtí 9 lẹ́ẹ̀kan náà? Lánàá, ó ti dé 1,104 nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Bátìrì laptop mi kì í lò ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Mo sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ fa jẹnẹrétọ̀, okùn rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́, mo fìdí jókòó sínú omi. Kí n tó rí ẹni tó máa yá mi ní tirẹ̀, laptop ti kú. N kò sì tọ́jú èsì kankan síbì kan. Mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ bú mi.

Ẹnì kan ní Computer Village ti dá iye fún mi lórí laptop alágbára kan. Ṣé kí n lọ gbé e?

Ará Ẹ̀gbẹ́dá
Gbé e jàre. RAM (ìrántí) 32GB, core (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó pọ̀. Ohun tówó bá ṣe tì, ilẹ̀ ló ń gbé.

Kóòdù Yábàá
Má tíì ra nǹkan kan. Níbo ni read_csv, àṣẹ tó ń ka fáìlì, wà nínú kóòdù rẹ? Báwo lo sì ṣe ń gba orí ìlà kọjá?

Ọmọ Bàríga
Inú lúùpù ló wà, ibi tí kóòdù ti ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó bá kàn, màá ka fáìlì rẹ̀, màá fi iterrows rìn ín ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀.

Kóòdù Yábàá
Mo fura bẹ́ẹ̀. 1,520 lọ́nà 150: ìgbà 228,000 lo ń ṣí fáìlì, bẹ́ẹ̀ iye owó Zenith ní 2017 kò yí padà láàárín ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn. Télọ̀ tó ní aṣọ 20 nílẹ̀ kì í torí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wọ danfó lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ, á ra páálí kan, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì.

Ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o tò ó sí tábìlì kan ṣoṣo: ọjọ́ lọ sísàlẹ̀, ilé-iṣẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tọ́jú rẹ̀ sí Parquet, irú fáìlì tó yá kà. CSV, irú fáìlì tí ò ń lò, máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún ọjọ́ kà bí ọ̀rọ̀ lásán nígbà gbogbo, ìyẹn sì ń jẹ àkókò ju bí o ṣe rò lọ.

Ìpíndọ́gba ńkọ́? Kúkúrú 10, gígùn 19, kò ju 29 lọ. Ṣe wọ́n sílẹ̀ kí lúùpù tó bẹ̀rẹ̀.

iterrows gan-an ni olè tó kù. Gbogbo ìlà tó bá mú, odindi Series (àkójọ dátà) tuntun ló ń kọ́ fún un. Ọjọ́ òwò bíi 250 lọ́dún, ọdún 10, ilé-iṣẹ́ 150: ìlà 375,000 nínú ìdánwò kan! Rírà àti títà rẹ ṣeé fi odindi kọ́lọ́ọ̀mù ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí o ti ń sá nìkan ni kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wàá ṣe lónìí dúró lórí iye tí o rà á àti bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn ni kí o gbé fún Numba, irinṣẹ́ tó ń mú kóòdù Python yára. Fi @njit sórí fọ́ńṣọ̀n náà, array NumPy (àkójọ nọ́ńbà lásán) ni kí o fún un, má gbé DataFrame (odindi tábìlì) wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣiṣẹ́ á lọ́ra, torí ó ń yí kóòdù rẹ sí èdè ẹ̀rọ. Má fìyẹn wọn ìyára rẹ̀.

Ará Ẹ̀gbẹ́dá
Kò kúkú lè pín in sí core 4?

Kóòdù Yábàá
Ó lè pín in, ìdánwò kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ṣùgbọ́n pín wákàtí 9 sí 4, ó ṣì ju wákàtí 2 lọ, iná á sì tún lọ.

Ọmọ Ọ̀ṣòdì
Kúkúrú ọjọ́ 50 lórí gígùn ọjọ́ 20, kí ni ìtumọ̀ ìyẹn? Mo kà wọ́n, 128 ni kò wúlò nínú 1,520 yẹn.

Ìyá Ìta Kọ́sítọ́ọ̀mù
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọpọlọ. Mo ti fẹ̀yìn tì. Customs Street, níbi ọjà ṣíà l'Ékòó, ni mo ti ṣiṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà tó gba òwò náà lọ́dún 1999. Ẹnu la fi ń pe iye owó nígbà náà. Ọmọ Bàríga, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ sọ pé ó ti tà, ta ló rà á?

Lọ́jà wa, ṣíà kì í já ju 10% lọ lójúmọ́. Bó bá dé ibẹ̀, àwọn tó fẹ́ tà á tò lọ rẹrẹẹrẹ, kò ní sí olùrà kan ṣoṣo. Ọ̀la ńkọ́? Bákan náà. Ibi tí o ní wàá ti sá yẹn, ìwé lásán ni. Àwọn ṣíà kan wà tí wọ́n dúró sí kọ́bọ̀ 50 fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òfin kò jẹ́ kí wọ́n lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí wọ́n yí i padà ní 2018. Kọ̀ǹpútà rẹ á rí 0.50, 0.50, 0.50, á ní ara ṣíà yìí mà balẹ̀ o. Òkú ni! Wo iye tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà kí o tó sọ pé o rà tàbí o tà. Kí o sì yọ owó alágbàtà.

Ọmọ Bàríga
Ẹ ṣeun gan-an mà. N kò ronú kan ìyẹn rárá.

Ọmọ Bàríga
*(lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta)*
Mo ti dé o. Kíka fáìlì gba ìṣẹ́jú àáyá 6, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. 1,392 tó kù parí ní ìṣẹ́jú àáyá 9. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ èrè tí mo ń rí nínú kóòdù àtijọ́ kò sí mọ́. Èyí tó dára jù ti wálẹ̀ sí ìdajì, kí n tó fi ti Mà sí i.

Kóòdù Yábàá
Nínú ti àtijọ́, iye owó wo lo fi ń rà?

Ọmọ Bàríga
Iye tí ọjà fi tì lọ́jọ́ náà.

Kóòdù Yábàá
Òun náà lo fi ń ṣírò ìpíndọ́gba. Kí o tó mọ̀ ọ́n, ọjà ti tì. O ti wo ìdáhùn kí o tó wọ yàrá ìdánwò. Ti tuntun ń dúró dọ̀la kó tó rà, òun ló ń sọ òótọ́.

Ọmọ Bàríga
Ha. Mo sì ti fi iye ti àtijọ́ han àna mi. Mo ti fi ti Mà sí i báyìí: n kì í rà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà, mo yọ owó alágbàtà. Ohun tó kù kò tó èlé treasury bill, owó tí èèyàn ń yá ìjọba.

Ará Ẹ̀gbẹ́dá
Laptop wá ńkọ́?

Ọmọ Bàríga
Okùn jẹnẹrétọ̀ ni mo lọ rà.