Sọ́fútíwíà wo ni kí n fi sí kọ̀ǹpútà abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí màmá mi lè máa wo fídíò bàbá mi?

Aránṣọ_Ìjẹ̀búÒde:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mo ń rán ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, n kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi.

Fídíò ni bàbá mi tó ti di olóògbé ń yà. Láti 1989 títí di nǹkan bíi 2004, kò sí òkú tí wọ́n sin ní àdúgbò wa, kò sí ìyàwó tí wọ́n gbé, tí kò gbé kámẹ́rà lé èjìká lọ síbẹ̀. Tó bá di Ojúde Ọba, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí á ti lọ wá ibi tí yóò dúró sí kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó dé. Nígbà tó kú, àpótí méjì tó kún fún téèpù VHS la bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn mìíràn ti hu funfun. Ọmọkùnrin kan bá mi dà wọ́n sórí hard disk, 137 ló ṣeé gbà là.

Mo ra kọ̀ǹpútà tókúnbọ̀ kékeré kan, kò tóbi ju Bíbélì lọ, mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n páálọ̀ màmá mi. Ó ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò lè darí mouse, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà náà sì dà bí èèrà lójú rẹ̀ láti orí àga tó ń jókòó sí. Rímóòtù nìkan ló mọ̀: òkè, ìsàlẹ̀, OK, ó tán.

Mo wá fi sọ́fútíwíà kan sí i, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó to gbogbo fídíò náà pẹ̀lú àwòrán ńláńlá, inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe wo ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo kọ "Iyawo 1994" sí, tí mo rí i pé ó ti lọ fa àwòrán obìnrin òyìnbó kan tó gbé ìbọn dání láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Màmá mi wò ó títí, ó ní, "Ta nìyí? Kò wá síbi ìyàwó yẹn."

Àbúrò mi wà ní Manchester, òun náà fẹ́ máa wò wọ́n láti ọ̀hún. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí gbogbo ẹni tí mo bi ń dá: Plex, Kodi, Emby, Jellyfin. Oníkálukú ń búra pé tòun ló dáa jù, àfi bí ẹni pé wọ́n ń dupò oyè. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Èwo ni kò ní jí lọ́jọ́ kan kó ní kí n sanwó kí n tó wo òkú ìyá mi àgbà?

Ọmọ_Ìpẹru:
Àǹtí, Kodi ni o. Ẹ lọ ra àpótí Android tí wọ́n ti kó gbogbo fíìmù àti bọ́ọ̀lù sí, ẹ kàn máa so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Kò sí pé à ń san owó oṣooṣù. Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá dáa gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ò ṣí mọ́.

Alàgbà_Màkún:
Ọmọ Ìpẹru, ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn: "ìdajì rẹ̀ ò ṣí mọ́." Àwọn tó ń ṣe Kodi kì í ta àpótí kankan, kò sì sí fíìmù kankan nínú Kodi. Àwọn fúnra wọn ti pariwo rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn tó ń kó fíìmù olè sínú àpótí ń ba orúkọ àwọn jẹ́.

Àbúrò mi aránṣọ, ẹ kú àfaradà, ẹ sì kú ọmọ rere. Ṣágámù ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ojú mi ti rí ìjà páálọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2002 Microsoft gbé Windows XP Media Center Edition jáde. Rímóòtù tirẹ̀ ní bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà gàdàgbà á bo ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà á rí i kà. Ohun tí màmá yín ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ní 2005 Apple fi Front Row dá wọn lóhùn, rímóòtù funfun tẹ́ẹ́rẹ́, bọ́tìnnì mẹ́fà péré. Ẹnì kan gbé ọ̀kan ti Amẹ́ríkà dé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé ìjà ti tán, kò sẹ́ni tó máa ṣe ju èyí lọ.

Níbo ni wọ́n wà lónìí? Apple yọ Front Row kúrò ní 2011 nígbà tí Lion, ẹ̀dà tuntun ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac wọn, dé. Microsoft sọ tiwọn di ohun tí èèyàn ń fowó rà lọ́tọ̀ ní Windows 8, nígbà tí Windows 10 sì dé ní 2015, wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ méjì tó lówó jù ló ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Èyí tí kò kú, àwọn ọmọ tí kò gbowó ló ṣe é. Ní nǹkan bíi 2002 wọ́n tú Xbox, ẹ̀rọ géèmù Microsoft fúnra rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo fídíò. Òun ló di XBMC (Xbox Media Center), tó yí orúkọ padà sí Kodi ní 2014. Láti ara rẹ̀ ni Plex ti yà ní 2008. Ibẹ̀ náà ni Boxee ti jáde, Samsung rà á ní 2013, a ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ti Emby, àwọn tó ni ín ti ìlẹ̀kùn mọ́ kóòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi kọ ọ́, ní 2018, ni àwọn tí inú wọn ò dùn bá gbé èyí tó ti wà níta, wọ́n sọ ọ́ ní Jellyfin. Bí ẹ bá ti rí ìdílé tó ń pín ilẹ̀ rí, ẹ ti mọ ìtàn náà.

Ìyàtọ̀ wọn: Kodi, ńṣe ló ń wo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ tó wà níwájú yín. Plex, Emby àti Jellyfin dà bí kànga agboolé, ẹ̀rọ kan ló ni omi, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ilé á máa fà á níbẹ̀. Ní ti owó, láti 29 April 2025, ẹni tó bá fẹ́ fi Plex wo fídíò ilé rẹ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ sanwó, yálà ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ ni ẹ san Plex Pass, ìyẹn owó àǹfààní Plex, tàbí kí àbúrò yín máa san owó oṣooṣù, tó jẹ́ $1.99 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Plex Pass tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan láéláé fò láti $119.99 sí $249.99 lọ́jọ́ kan náà. N ò bú wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Jellyfin ò gba kọ́bọ̀, kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin oníbọn yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ yíyàn ni. Nígbà tí ẹ ń fi fídíò hàn án, ẹ yan "Movies", ni ó bá lọ ń wá fíìmù tó jọ ọ́. Ní Jellyfin, "Home Videos and Photos" ni kí ẹ yàn. Ní Plex, "Other Videos". Ní Kodi, ẹ má yan nǹkan kan, á kàn fi orúkọ tí ẹ kọ hàn.

Bó bá jẹ́ èmi, Kodi ni màá fi sí ti màmá. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n kì í sábà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí wáyà HDMI, ẹ ra rímóòtù kékeré tó ní ohun tí wọ́n ń ki bọ ihò USB. Ti Manchester, ẹ ra hard disk kejì, ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ fi rán ẹni tó ń lọ. Tí iná bá lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí sọ́fútíwíà tó máa fi nǹkan han ẹni tó wà nílùú òyìnbó. Àti pé hard disk kan ṣoṣo lẹ ní báyìí, àbí? Ẹ̀rù yẹn ló ń bà mí ju ti Plex lọ.

Ìyá_Ìbejì_Igbó:
Alàgbà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi ti san Plex láéláé kí wọ́n tó fowó kún un, n ò kábàámọ̀. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ni ọkọ mi ń wò ó lórí fóònù ní ibi iṣẹ́. Ti Jellyfin, àfi ìgbà tí mo fi Tailscale, ètò tó ń so ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n wà, sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù méjèèjì kó tó ṣiṣẹ́ láti ìta, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó sanwó.

Aránṣọ_Ìjẹ̀búÒde:
Mo ti ṣe é! Kodi ni, pẹ̀lú rímóòtù USB. Hard disk kejì ti wà lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀ wa tó ń lọ sí London lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lálẹ́ àná màmá mi fúnra rẹ̀ tẹ Ojúde Ọba 1996. Ó rí ara rẹ̀ láàárín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, ó dá a dúró, ó wá ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: eléyìí ti kú, eléyìí wà ní Ìbàdàn, eléyìí jẹ mí lówó aṣọ. A ò sùn kí aago kan tó lù.

Nǹkan kan ló kù. Tí ẹṣin bá ti ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ìlà-ìlà bí eyín ìyarun. Ṣé téèpù ló ti bàjẹ́ ni?

Alàgbà_Màkún:
Kò bàjẹ́. Bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ṣe ń ya àwòrán ni. PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí à ń lò ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì máa ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì: ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ báyìí, kó tó wá ya ìkejì, ìkẹrin. Kí ìdajì kejì tó dé, ẹṣin ti sún. Tí fídíò náà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ ṣí àtòjọ ètò àwòrán ní Kodi, ẹ wá "Deinterlace", ẹ tàn án. Tó bá kọ̀ tí kò lọ, á jẹ́ pé ọmọkùnrin tó dà á ló ti lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀ mọ́ra, ẹ máa tún un dà nìyẹn.

Téèpù 1996 yẹn ńkọ́, ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n dà á nù o.