Bàbá mi ló ní jẹjẹrẹ ọmú: ṣé ó kan àwa ọmọ?

Àdùnní Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i, mi ò rí oorun sùn mọ́.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ó ti tó ọdún kan tí kókó kékeré kan ti wà lábẹ́ orí ọmú òsì wọn. Wọ́n ní eéwo ni, òrí ni wọ́n ń fi pa á. Màmá mi ló fura níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ: ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí ìka lọ, ojú kan náà ṣáá, lára gbogbo síńgílẹ́ẹ̀tì funfun bàbá. Dókítà tí a kọ́kọ́ rí ní ọ̀rá lásán ni, pé ọkùnrin kì í ní irú ẹ̀. Oṣù mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Ọsibítù kejì ló gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti ń lo oògùn tamoxifen.

Àbúrò bàbá mi obìnrin náà, jẹjẹrẹ ọmú ló pa wọ́n ní ẹni ọdún 43. Nígbà náà, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Dókítà wá ní kí bàbá ṣe àyẹ̀wò jíìnì kan (ohun tí òbí ń gbé fún ọmọ nínú ẹ̀jẹ̀), BRCA2. Bàbá kọ̀, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ní àìsàn obìnrin ni, kí èmi lọ yẹ ara mi wò. Manchester ni mo wà, mo bí ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á wo bàbá sàn. Mathew Knowles, bàbá Beyoncé, jáde sọ tiẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2019. Wọ́n bá BRCA2 tó bàjẹ́ lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì ló sì kọ́kọ́ rí. Fi han bàbá.

Nọ́ọ̀sì Leeds:
Àbúrò mi, gbogbo wa mọ AA àti AS. Àfi kí ti bàbá àti ti ìyá pàdé kí ọmọ tó di SS. BRCA2 ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa tún DNA, ìyẹn okùn ìjogún inú ara, tó bá já ṣe. Ẹyọ kan tó bàjẹ́, ìbáà ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ti tó láti mú ewu pọ̀ sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí bàbá bí, bí ẹni ta kọ́bọ̀ sókè ni: ó lè bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè má bọ́ sí i. Kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Nínú ọkùnrin 1,000, nǹkan bí ẹnì kan ló ń ní jẹjẹrẹ ọmú láyé ẹ̀. Tó bá gbé BRCA2 tó bàjẹ́, ó tó nǹkan bí méje nínú 100. Jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) gan-an ni kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀rù. Ẹni tó bá gbé e ní láti máa yẹ prostate wò láti ẹni 40 ọdún, nítorí irú èyí máa ń le. Fún obìnrin tó gbé e, ewu ti ọmú ju ìdajì lọ.

Bàbá ni kó kọ́kọ́ ṣe é. Tí wọ́n bá rí ojú ibi tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ náà ni wọ́n á wò lára yín. Tí o bá dá ṣe é tí wọn ò rí nǹkan, o ò ní mọ̀ bóyá o yọ ni, tàbí wọn ò mọ ibi tí wọn ìbá wò. Gba ìwé èsì náà, kí o gbé e lọ bá GP rẹ, dókítà àdúgbò rẹ. Àwọn ọmọ rẹ ṣì kéré, ó di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà.

Bọ̀dé Agége:
Àrùn òyìnbó nìyí. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI:
Ẹ̀gbọ́n, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ó wà láàrin wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó kàwé ní Ìbàdàn níbí kó tó lọ sí Chicago, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní UCH, yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Èsì jáde ní 2018: nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún jíìnì tó bàjẹ́ tó fà á. Àdùnní, èsì lè ní òun rí àyípadà kan tí wọn ò tíì mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú jù, torí ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ti wò ò tíì pọ̀. Ẹ má jáyà tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Alàgbà Òṣogbo:
Ọmọ mi, èmi náà ní i. Níbi tí mo jókòó sí láàrin àwọn obìnrin, nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi, gbogbo wọn ń wẹ̀yìn, wọ́n ń wá ìyàwó mi. Ojú ń tì mí, ó ṣòro láti sọ. Má sọ fún bàbá pé nítorí ara wọn ni. Sọ pé nítorí yín.

Àdùnní Ìjẹ̀bú:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá. Mo pe bàbá mi lálẹ́ àná, mo sì sọ ọ́ bí ẹ ṣe wí. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ayé ló pa àbúrò mi?" Mo ní ó lè má jẹ́ ayé. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé àwọn lọ lọ́jọ́ Ajé.