Gíríìsì nínú bíárìn tó ru ẹrù wúwo: ìṣirò sọ pé ó dára, rólà ń họ

Rólà22216 béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bíárìn 22216 (irú tó ní rólà nínú) ni mò ń ṣírò, gíríìsì NLGI 2 (ìwọ̀n líle rẹ̀) ọlọ́ṣẹ lithium ló wà nínú rẹ̀; ọṣẹ yìí ló ń di ọ́ìlì mú. Ọ́ìlì inú gíríìsì náà jẹ́ 220 cSt (ìwọ̀n kíki ọ́ìlì) ní 40°C. Ìṣirò Hamrock àti Dowson, tí a fi ń wá ìnípọn ọ́ìlì láàárín irin, fún mi ní ìnípọn 0.6 µm láàárín irin méjèèjì. Àìdán ojú wọn lápapọ̀ jẹ́ 0.2 µm, nítorí náà λ (ìnípọn ÷ àìdán) jẹ́ 3, kò yẹ kí irin kan irin. Ṣùgbọ́n ojú rólà ń dán bíi dígí, ó sì ti ń họ. Mo sọ ẹrù di ìlọ́po méjì nínú ìṣirò, ìnípọn kò fi ju 5% lọ dín kù. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ojúirin fèsì:
Ẹrù kọ́ ni kẹ́ ẹ bá jà. Nínú ìṣirò yẹn, −0.073 péré ni òǹkà kékeré (exponent) tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀, irin ló ń tẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń fẹ̀. Kíki ọ́ìlì àti ìyára ló ní 0.68. Báwo ni bíárìn náà ṣe ń gbóná tó?

Rólà22216:
78°C lára ilé rẹ̀, sà.

Ojúirin:
Inú á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 80°C, ọ́ìlì 220 yẹn ti di bíi 37 cSt. 0.6 yín di 0.18 µm, λ di 0.9. Irin ti ń kan irin nìyẹn.

Àdínkù_ìfà fèsì:
Kò tíì tán síbẹ̀. Ìṣirò yẹn gbà pé ọ́ìlì kún ẹnu ibi tí rólà ń wọ̀. Bí rólà bá kọjá, ó ń ti gíríìsì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí táyà ṣe ń ti ẹrẹ̀. Gíríìsì náà á dúró síbẹ̀ bí ebè, nítorí τ = τ₀ + Kγ̇ⁿ (τ ni agbára tó ń fà á, γ̇ ni bó ṣe ń yára ṣàn, K àti n jẹ́ òǹkà ti gíríìsì náà): bí ohun tó ń fà á kò bá ju τ₀ lọ, kò ní mira. Rólà tó tẹ̀ lé e á bá ojú ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àfi ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ń sun jáde lára ọṣẹ. Nínú àwòṣe yín, ìnípọn ohun tó ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ìṣirò fúnra rẹ̀ wá ibi tí ìfúnpá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí i pé eré púpọ̀ lè sọ ọ́ di tín-ín-rín.

Ọlọ́ṣẹ_lithium fèsì:
Òótọ́ ni, àmọ́ ní ìyára kékeré, ọṣẹ fúnra rẹ̀ máa ń wọ àárín, ìnípọn á sì ju ti ọ́ìlì nìkan lọ. Ní ti bíárìn yín, ọ́ìlì 460 cSt ní 40°C á gbé λ dé bíi 1.3, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ki máa ń lọ́ra láti sun. Ẹ dín àkókò tó wà láàárín ìfúnnígíríìsì kù; ìwọ̀n tí ẹ óò fi sí i ni 0.005 × 140 (ìwọ̀n ìta bíárìn, mm) × 33 (fífẹ̀ rẹ̀, mm), bíi 23 g lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má kì í kún, yóò máa po ara rẹ̀, ooru á sì tún gòkè.