Ṣé ó yẹ ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún jíjẹ́ ìpè Ọlọ́run?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí Kristẹni ń ṣe nígbà tí Ọlọ́run bá pè é, tó gbà pé Ọlọ́run ni, tó sì dìde ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Ẹni tó mú àbá náà wá fi ‘ìgbọ́pèrìn’ síwájú wa: kéèyàn gbọ́ ìpè, kó sì rìn. Ó ní ‘ìgbàgbọ́’ ti di orúkọ ẹ̀sìn, ‘ìgbọ́ràn’ ti di ohun tí a fi ń bá ọmọdé wí, ‘ìpè’ sì ti di ti pásítọ̀ nìkan. Mo gbà pé àìsàn náà wà. Oògùn tó kọ fún un ni mi ò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘gbà gbọ́’. Lóde òní, bí ẹnìkan bá ní òun gba Ọlọ́run gbọ́, ohun tó máa ń yé wa ni pé kò ṣiyèméjì pé Ọlọ́run wà. Ó tán síbẹ̀. Àmọ́ nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, èyí tí Àjàyí Crowther ṣe òléwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, gbólóhùn yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tó ṣe ohun tí a pa láṣẹ fún un. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 22:18. Ábúráhámù ti gun òkè, ó ti di ọmọ rẹ̀ mọ́ orí igi, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí áńgẹ́lì tó dá a dúró. Ìdí tí a fún un pé ìbùkún yóò tọ̀ ọ́ wá ni pé ó gba ohùn Ọlọ́run gbọ́. Kò sẹ́ni tí yóò ka ibẹ̀ tí yóò rò pé èrò inú lásán ni wọ́n ń sọ. Bákan náà ni 1 Sámúẹ́lì 15:22, níbi tí Sámúẹ́lì ti bi Sọ́ọ̀lù bóyá ẹbọ sísun dùn mọ́ Olúwa bíi pé kí a gba ohùn Rẹ̀ gbọ́, kó tó wá kàn án mọ́lẹ̀ pé ìgbọ́ràn sàn ju ẹbọ lọ. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà, shama, ló wà lẹ́yìn ‘gba ohùn gbọ́’ àti ‘ìgbọ́ràn’ nínú ẹsẹ yẹn. Ó túmọ̀ sí gbọ́, ó sì túmọ̀ sí kéèyàn ṣe ohun tó gbọ́.

Gíríìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Pistis ni ìgbàgbọ́, hypakoe ni ìgbọ́ràn, ojú àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù so wọ́n pọ̀ ní Róòmù 1:5, tó sọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn ìgbàgbọ́, àwọn onímọ̀ ti fi yíǹkì púpọ̀ ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe wọnú èkejì. Ní Yorùbá, gbọ́ wà nínú méjèèjì, ojú lásán la sì fi ń rí i. Nígbà tó tún ní nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá (Róòmù 10:17), èdè wa ti sọ ọ́ kí oníwàásù tó la ẹnu. Nítorí náà, tí àwọn èèyàn bá ń lo ‘ìgbàgbọ́’ bí orúkọ ẹgbẹ́, ìlò wọn ló dẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ̀bi. Bí a bá gbé ‘ìgbọ́pèrìn’ fún àwọn èèyàn kan náà, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní ẹgbẹ́ Onígbọ́pèrìn, pẹ̀lú ankara tirẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń ṣe mí nípa ‘ìgbọ́pèrìn’ ni pé ‘gbà’ ti jábọ́ lára rẹ̀. Ó ku gbọ́, ó ku rìn. Ọlọ́run ní kí Jónà lọ sí Nínéfè. Ó gbọ́ ìpè, ó sì rìn: ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Jópà, ó san owó ọkọ̀, ó forí lé Táṣíṣì. Ìgbọ́pèrìn gidi nìyẹn!

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ pípẹ́. Jẹ́ ni. Yorùbá kì í sọ pé ‘mo pè é, kò fèsì’ tó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni náà ni wọ́n pè. ‘Mo pè é, kò jẹ́’ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí ló tún wà nínú jẹ́ iṣẹ́, jẹ́wọ́, jẹ́rìí, jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mi ò sọ pé orísun kan náà ni gbogbo wọn ti wá o, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè má baà fa aṣọ ya mọ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí Yorùbá máa ń gbọ́ wọn pa pọ̀, àti pé ìgbé ayé Kristẹni fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sínú wọn: a pè é, ó jẹ́, ó jẹ́wọ́, ó jẹ́rìí, wọ́n rán an, ó jẹ́ iṣẹ́. Róòmù 1:1 pàápàá ní a pe Pọ́ọ̀lù láti jẹ́ àpọ́sítélì. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ sókè yóò gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ohun tí a pè é sí ni ó dà.

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí ‘dáhùn ìpè’ ò tó, torí òun náà la ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Ó tó fún ohùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọkùnrin méjì inú Mátíù 21. Baba wọn ní kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà. Àkọ́kọ́ ní òun ò lọ, ó wá ronú pìwà dà, ó lọ. Èkejì ní ‘Mo ń lọ, baba’, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Èkejì ti dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Ta ló jẹ́ ìpè nínú wọn? Bí ẹ bá bi ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Yorùbá, kò ní ṣì í.

Lóòótọ́, Bíbélì àtijọ́ kan náà lo ‘dáhùn’ ní Àìsáyà 65:12, níbi tí Ọlọ́run ti ń ráhùn pé Òun pè, wọn ò dáhùn. Mi ò fẹ́ fi èyí pamọ́, torí ẹni tó bá fẹ́ gbe ‘dáhùn ìpè’ lẹ́yìn yóò mú un wá. Àmọ́ ẹsẹ náà ò dúró síbẹ̀: Ó sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́, wọ́n sì ṣe búburú lójú Rẹ̀. Wọ́n ní láti to ọ̀rọ̀ mẹ́ta jọ kí ‘dáhùn’ tó lè ru ẹrù tí ‘jẹ́’ ń dá rù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Sámúẹ́lì kékeré nínú tẹ́ḿpìlì. Òru ni, fìtílà Ọlọ́run ò tíì kú, Élì àlùfáà ti dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n pe ọmọ náà, ó ní ‘Èmi nìyí’, ó sáré tọ Élì lọ. Élì ní òun ò pè é. Ìgbà mẹ́ta ló sáré bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni ibi tó sáré lọ ò tọ̀nà, Ìwé sì sọ fún wa pé kò tíì mọ Olúwa nígbà náà. Ẹ ò rí i pé ó ti ń jẹ́ kó tó mọ ẹni tó ń pè é? Ìgbà tí Élì fi ọ̀nà hàn án ló wá ní kí Olúwa máa wí. Iṣẹ́ tó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tó rọrùn láti jẹ́ fún ẹni tó tọ́ ọ: ìdájọ́ ilé Élì ni. Ó dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rù sì ń bà á láti sọ ọ́. Ó sọ ọ́ náà ṣá, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Àtakò tó lágbára jù sí mi lè ti ẹnu òwe wa wá: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹlòmíì yóò ní òwe yìí fi hàn pé ‘jẹ́’ fàyè gba kí ìránṣẹ́ tún iṣẹ́ ṣe lójú ọ̀nà, pé irú jíjẹ́ bẹ́ẹ̀ ò bá ìgbọ́ràn mu. Sọ́ọ̀lù ì bá fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn. Wọ́n rán an pé kó pa àwọn ará Ámálékì àti ẹran wọn run, ó dá Ágágì ọba wọn sí, ó dá àgùntàn àti màlúù tó sanra sí, ó ní ẹbọ lòun fẹ́ fi wọ́n rú. Àmọ́ òwe náà kò ní ká pààrọ̀ iṣẹ́. Ìwà ọmọ ni kí a fi jẹ́ ẹ, kí á má fi ti ẹrú jẹ́ ẹ, ó sì bá ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nínú Gálátíà 4:7 mu pé kì í ṣe ẹrú mọ́ bí kò ṣe ọmọ. Ọmọ mọ inú ẹni tó rán an. Sọ́ọ̀lù ò mọ̀ ọ́n.

Ní ti pé ‘ìpè’ ti di ti pásítọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 7:20 ní kí oníkálukú dúró nínú ìpè tí a fi pè é, ẹrú àti òmìnira sì ni ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ń sọ. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ni ni láti wàásù bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀.

Tí a bá nílò ọ̀rọ̀-orúkọ, ‘ìjẹ́pè’ ni mo fara mọ́, kí òdì rẹ̀ sì jẹ́ ‘àìjẹ́pè’. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa fi àmì sí i. Láìsí àmì, òǹkàwé lè ṣe kàyéfì pé irú ìpè wo là ń jẹ, pàápàá tó bá rántí pé ìpè náà ni kàkàkí tí yóò dún ní ọjọ́ ìkẹyìn nínú 1 Kọ́ríńtì 15:52.

Ibi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lè wúlò ni ọ̀dọ̀ Jónà, lẹ́yìn tí ẹja ti pọ̀ ọ́. Ó lọ sí Nínéfè, ó kéde bí a ti rán an, ìlú ronú pìwà dà, inú bí i títí ó fi ní kí òun kúkú kú. Ó jẹ́ iṣẹ́ láìku síbì kan. Ṣé ó jẹ́ ìpè? ‘Tipátikúùkù’ sọ bó ṣe lọ, kò sọ irú ìgbọ́ràn tí ọkàn ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn kó mú un wá, màá fara balẹ̀ gbọ́.