Èrú kò sí nínú àwòṣe: lórí orúkọ ọ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Wọ́n ní kí á pe ẹ̀yà tó bá ọkọ̀ jáde nílé iṣẹ́ ní "ojúlówó", kí á sì pe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lónìí kó lè jọ ti àtijọ́ ní "ayédèrú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ìkejì yẹn.

Ìjàpá, ìyẹn ọkọ̀ Volkswagen Beetle, tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọ̀jọ́ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni wọ́n ti tò ó ní 1976, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, aṣọ àjà rẹ̀ ti ya, pákó inú ilẹ̀kùn ti wú, tìmùtìmù ìjókòó sì ti ń dà sílẹ̀ bí eruku. Mo wá aṣọ ìjókòó lọ. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ojúlówó ni, pé inú páálí ló ti wà láti ayé ọjọ́un. Ilé ni mo ti wo ìlà ara lẹ́dà náà dáadáa. Ti àtijọ́, iná ni wọ́n fi tẹ ìlà wọ̀nyẹn, kò ní ojú abẹ́rẹ́. Èyí tí mo rà, rírán ni wọ́n rán an.

Inú bí mi gidigidi. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e wọ ìjókòó, ó bá a mu rẹ́gí. Kí wá ni ayédèrú níbẹ̀? Aṣọ náà kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á ni. Gbogbo wa la gbọ́ "èrú" nínú ayédèrú, ọwọ́ èèyàn ni èrú sì ti ń wá, kì í ti ara lẹ́dà wá. Ká ní ó sọ fún mi pé wọ́n wo ti àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ǹ bá san owó rẹ̀ láìjanpata.

Ẹ wo sányán. Òwú tí kòkòrò inú igbó ń ta ni wọ́n fi ń hun ún tẹ́lẹ̀. Lónìí, òwú ọjà tí wọ́n pa láró ló pọ̀ jù nínú èyí tí à ń wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó. Ta ló ń pe ahunṣọ tó sọ òótọ́ fún un ní oníṣẹ́ ayédèrú?

Ẹ̀yà tuntun mìíràn tún wà tó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe inú ilẹ̀kùn Ìjàpá. Bí omi òjò bá ti kàn án, ó máa ń wú, á sì tẹ̀ kọdọrọ. Oníke ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nísinsìnyí, omi kì í ràn án. Ṣé ayédèrú la ó máa pe ìyẹn náà?

Ẹnì kan dábàá "àtúnṣe". Kò ní ṣeé lò: bí mo bá ní "àtúnṣe ìjókòó", ohun tí mẹkáníìkì yóò gbọ́ ni pé ìjókòó bàjẹ́, kí ó tún un ṣe. "Ẹ̀dà" dára díẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà ìwé ò yàtọ̀ sí ìwé, bẹ́ẹ̀ oníke kì í ṣe pákó.

Àwòṣe ni tèmi. À, wò, ṣe: bí a ti hun "àyálò" àti "àdàkọ" náà la hun ún. Wọ́n wo ti àtijọ́, wọ́n sì ṣe tuntun. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìyìn.

"Ojúlówó" náà kò tó fúnra rẹ̀. Láti Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà Ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ wá. Bí mo bá rí aṣọ àjà tí ilé iṣẹ́ Jámánì ṣe láyé ìgbà náà, tí mo fi sínú ọkọ̀ bàbá mi, ojúlówó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á fi "àbímọ́" kún un, bí a ti ń sọ ọ́ nípa ìwà tàbí àmì ara. Àwọn tó ń ṣe ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ máa nílò ìyàtọ̀ yìí, torí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ní ti "tòkunbọ̀" tí ìyá wa ní Ìbàdàn dárúkọ, ibi tí ẹ̀yà ti wá ló ń sọ, àti pé ẹnì kan ti lò ó rí; kò sọ bóyá ojúlówó ni tàbí àwòṣe. Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń fẹ́ tòkunbọ̀ ju tuntun lọ, torí wọ́n gbà pé ojúlówó ni.

Mo dán wọn wò lẹ́nu ọmọkùnrin tó ń rán ìjókòó ládùúgbò wa. Mo ní, "Aṣọ àjà yìí àbímọ́ ni, má fọwọ́ kàn án, ìjókòó iwájú ni kí o fi àwòṣe sí." Kò béèrè ìtumọ̀. Ó kàn mú téèpù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìjókòó iwájú. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni "àwòkọ́ṣe", kí àwọn èèyàn má baà pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé, ṣé ẹ lè bá mi lò ó nínú kíláàsì, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ fún wa?