“Àyíká” nìkan ò lè gbé ecology

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sí Yorùbá ni pé kí a pe ecology ní “ìmọ̀ àyíká”, kí a sì pe niche ní “ibùgbé”. Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá pe àyíká, ohun tó yí nǹkan ká ló pè. Kò tíì dárúkọ ẹ̀dá tí wọ́n yí ká. Ernst Haeckel, ará Jámánì tó dá ọ̀rọ̀ ecology sílẹ̀ ní 1866, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ilé ló ti fà á yọ, ṣùgbọ́n àjọṣe ẹ̀dá àti ohun tó yí i ká ló ń wá. (Ká pè é ní “ìmọ̀ ilé” kẹ̀? Àwọn ọmọ á rò pé ọbẹ̀ sísè la fẹ́ kọ́ wọn.) “Ìmọ̀ àjọṣe ẹ̀dá” tẹ́ mi lọ́rùn.

Ti niche gan-an ló ń dùn mí. Ẹ wo ọ̀bọ inú igbó Ọ̀ṣun níbí ní Òṣogbo. Igbó ni ibùgbé rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ṣebí ìgbín àti labalábá náà ń gbé ibẹ̀? Bí ọ̀bọ bá já èso, á kó o sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fò sórí igi mìíràn, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì tu kóró rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí igi tó bí i. Ohun tó ń jẹ, ohun tó ń pa á jẹ, iṣẹ́ tó ń bá igbó ṣe láìmọ̀, ìyẹn ni niche. Oúnjẹ ẹranko àti ọ̀tá rẹ̀ ni Charles Elton, onímọ̀ ẹranko ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, náà fi ṣàlàyé rẹ̀ ní 1927. Ó sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: ọ̀nà àtijẹ.

Igi ńkọ́? Igi ń fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ pèsè oúnjẹ ara rẹ̀. Èyí tó ń wá oòrùn ganrínganrín àti èyí tó ń dàgbà lábẹ́ ibòji, ọ̀nà àtijẹ wọn yàtọ̀.

Ó ku ecosystem, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ẹ̀dá ibì kan àti ohun tó yí wọn ká. Bí a bá pè é ní “àwùjọ ẹ̀dá oníyè”, kò kájú ẹ̀, torí Arthur Tansley, onímọ̀ ewéko ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1935, ka ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n látàrí ẹrẹ̀ àwọn awakùsà lókè odò mọ̀ pé omi kì í ṣe òǹwòran: ẹrẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewéko inú omi, ẹja tó ń jẹ ewéko náà á sì jìyà. Mo dábàá “agbo àjọṣe”. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, tí kò sì yọ omi àti ilẹ̀ sílẹ̀, kó mú un wá.